Wáyà Ọkàn Bàbá Báńkì

Iṣẹ́ mi ni kí n máa wádìí ẹni tó ṣì wà láàyè. Mo mọ̀ pé kò dùn-ún gbọ́ létí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà gan-an nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Bìní, níbi tí a ti ń tọ́jú àwọn tí ọkàn ń yọ lẹ́nu. Dókítà wa jẹ́ ọmọ Ẹdó tó gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀. Ó fẹ́ mọ bí àwọn aláìsàn rẹ̀ tó lọ fi wáyà sí ọkàn ní Íńdíà ṣe ń pẹ́ sí láyé, ó sì fi ìwé ńlá kan lé mi lọ́wọ́ pé kí n máa pè wọ́n déédéé.

Ìpè àkọ́kọ́ tí mo ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Ọmọ kan ló gbé fóònù. Mo ní, "Ọmọ mi, ṣé bàbá yín ṣì wà láyé?" Ariwo ló mú bọnu: "Mummy, come o! One woman dey ask whether Daddy don die!" Ìyá rẹ̀ gba fóònù, ó sì bú mi débi tí etí mi fi ń hó. Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀bà. Nígbà tí Dókítà rẹ́rìn-ín tán, ó ní, "Madam, greet them first. Ẹ kí wọn dáadáa. Bí ẹnì kan bá ti kú, wọn á sọ fún yín." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kí ilé, kí ọ̀nà, kí ojú ọjọ́, kí n tó bèèrè bí ara bàbá ṣe le sí.

Wáyà tí mò ń wí yìí, stẹ́ǹtì ni àwọn dókítà ń pè é. Ó rí bíi sípíríǹgì inú báírò, ṣùgbọ́n ó kéré jù ú lọ. Wọ́n á tì í bọ inú iṣan ọkàn tó dí, á sì la ọ̀nà fún ẹ̀jẹ̀. Oríṣi méjì ló wà nínú ìwé mi: èyí tó jẹ́ irin lásán, àti èyí tí wọ́n fi oògùn pa lára kí iṣan náà má baà tún dí. Wàhálà olóògùn ni pé ara kì í tètè bò ó, ẹ̀jẹ̀ sì lè dì sínú rẹ̀ lójijì. Ẹni tó bá gba irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lo oríṣi oògùn méjì tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì fún ọdún kan gbáko, ó kéré tán. Onírin lásán lè fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú oògùn méjèèjì láàárín oṣù mélòó kan.

Àlàájì tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba àti Bàbá Báńkì, òṣìṣẹ́ báńkì tó ti fẹ̀yìn tì, jọ ń gbé ní àdúgbò Iyaro, ní Bìní níbí. Wọ́n jọ wá láti Òṣogbo, wọ́n jọ ṣàìsàn, wọ́n sì jọ wọ bàálù lọ sí Íńdíà. Irin lásán ni wọ́n fi sí Àlàájì lára, olóògùn ni ti Bàbá Báńkì. Àwọn fúnra wọn ò ka ìyẹn sí nǹkan kan.

Oṣù kẹrin tí wọ́n dé, mo pe Àlàájì. Mo kí i títí ó fi ní ó tó.

"Nọ́ọ̀sì, ara ń le! Dókítà ní kí n fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú oògùn yẹn, mo sì ní kí ọ̀rẹ́ mi náà fi tiẹ̀ sílẹ̀. Ó tilẹ̀ ti ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lánàá."

Mo pa fóònù. Mo gun ọ̀kadà, ó di Iyaro.

Mo bá àwọn méjèèjì níwájú ilé Bàbá Báńkì, wọ́n ń ta dráàfù. Mi ò rántí kí ẹnikẹ́ni.

"Bàbá, oògùn yín dà?"

"Mo ti kó o dànù. Nọ́ọ̀sì, mo ti jẹ́rìí lójú ìjọ pé mo bọ́ lọ́wọ́ oògùn. Wọ́n jó, wọ́n fò. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò wọ́n bí mo bá tún padà sídìí ẹ̀?"

Inú bí mi, mi ò ní purọ́. Mo ní, "Wáyà tiyín kì í ṣe irú ti Àlàájì. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì sínú rẹ̀ lónìí, ìjọ yẹn kan náà ló máa wá kọrin níbi ìsìnkú yín."

Àlàájì gbé ọmọ dráàfù ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Omi lé ròrò sí i lójú. "Èmi ni mo fẹ́ pa ọ̀rẹ́ mi," ó wí, ó sì kọjú sí Bàbá Báńkì. "Mo bẹ̀ ẹ́, padà sídìí oògùn ẹ. Bó bá jẹ́ ìtìjú ni, màá bá ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì yẹn."

Bàbá Báńkì nàka sí orí rẹ̀. "Ìwọ? Pẹ̀lú fìlà Mẹ́kà ẹ yìí?"

"Pẹ̀lú fìlà mi."

A ra oògùn mìíràn lójú ẹsẹ̀. Mo dúró tì í títí ó fi gbé e mì.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, èmi náà lọ. Àlàájì jókòó síwájú pátápátá. Bàbá Báńkì dìde, ó ní: "Ẹ̀yin ará, mo ti yára jù nínú ẹ̀rí tí mo jẹ́ lọ́jọ́sí. Ọlọ́run ò gba oògùn lọ́wọ́ mi, èmi ni mo kó o dànù. Mo ti padà sí i." Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ó jókòó, ó dorí kodò, àánú rẹ̀ sì ṣe mí gan-an.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì ṣì ń gbé fóònù wọn fúnra wọn. Dókítà bi mí pé, "So, which one better?" Mo ní ìwé tiwa kéré jù láti dájọ́, àwọn kan ti lọ nínú onírin lásán, àwọn kan ti lọ nínú olóògùn, mo sì sunkún lórí orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n bí àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké bá ní kí n sọ ìtàn iṣẹ́ mi, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ìsìn yẹn ni mo máa ń sọ.

Mo dé ẹnu iṣẹ́ láàárọ̀, mo bá bẹ́ńṣì ìta wa tó kún fún àwọn ará ìjọ náà. Ìyá kan ti pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì láti ìgbà Kérésì. Ọkùnrin kan ti fi oògùn ìtọ̀ ṣúgà rẹ̀ ta aládùúgbò lọ́rẹ. Pásítọ̀ wọn wà ní ìkángun bẹ́ńṣì, ó fa fìlà bojú.

"Nọ́ọ̀sì," ó rọra wí, "èmi náà ti jẹ́ irú ẹ̀rí yẹn, ó ti tó ọdún méjì."