Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Tí Jamaris Ò Gbọdọ̀ Pariwo

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Jamaris fi kan ọkọ̀ ojú omi létí adágún wa ní erékùṣù Sumatra, iye ọdún náà ló sì fi jiyàn ní ìsọ̀ kọfí Rosmanidar. Ó ti bá ọkùnrin kan jiyàn rí lórí iye ọmọ tí ọkùnrin náà bí.

Nígbà tó yá, ọ̀fun rẹ̀ wú. Dókítà ní kò gbọdọ̀ pariwo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò ní kó má lọ sí ìsọ̀, torí náà ó lọ.

Bustami, ọkọ àbúrò rẹ̀, wà níbẹ̀. Ẹja ni Bustami ń sìn nínú àwọ̀n lórí adágún, àwọn ẹja náà sì ti kú lọ súà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn afẹ́fẹ́ ńlá kan. Gbogbo àwa yòókù tá a ń sin ẹja níbẹ̀ la gbà pé afẹ́fẹ́ ló ń pa wọ́n.

Bustami ní, "Irọ́ ni. Oúnjẹ tí àwa fúnra wa ń dà fún wọn ni." Ó wo Jamaris, ó ń retí èébú.

Jamaris la ẹnu, ó rántí dókítà. Ó wá sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Kí lo rí tó o fi sọ bẹ́ẹ̀?"

Bustami ti múra èsì sílẹ̀ fún "olórí kunkun". Kò múra fún èyí.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ara yín yá ṣá?"

"Ọ̀fun ló ń dùn mí. Dá mi lóhùn."

Lọ́jọ́ kejì, Bustami fi ọkọ̀ gbé e jáde. Ó so agolo mọ́ okùn, ó jù ú sísàlẹ̀ lábẹ́ àwọ̀n. Ẹrẹ̀ dúdú ló fà bọ̀, oúnjẹ ẹja tó ti jẹrà ló ń rùn nínú ẹ̀. Jamaris gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ojú tì í díẹ̀: gbogbo ọdún tó ti ń kan ọkọ̀ yìí, kò wo ìsàlẹ̀ adágún rí.

Ó ní, "Kí ló wá dé tí wọn kì í kú bí afẹ́fẹ́ ò bá fẹ́?"

Bustami da ẹrẹ̀ náà padà sómi, ó ní, "Ìyẹn ni mi ò mọ̀."

"Èmi náà ò mọ̀. Má sọ fún wọn ní ìsọ̀ o."

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ju agolo sómi. Lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ tún jà, ẹrẹ̀ dúdú náà gòkè wá fúnra rẹ̀. Ìdọ̀tí oúnjẹ ló ń kó jọ nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ ló sì ń rú u sókè tó fi ń pa ẹja. Bustami dín oúnjẹ kù, ó sì kó èyí tó pọ̀ jù nínú ẹja rẹ̀ tà kí ìgbà afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ tó dé. Lọ́dún yẹn, díẹ̀ ló kú nínú tirẹ̀. Tiwa kú bó ṣe máa ń kú.

Ọ̀fun Jamaris ti san tipẹ́, ariwo rẹ̀ sì ti padà, ṣùgbọ́n ó ti ń dánu dúró kó lè gbọ́ èsì. Rosmanidar nìkan ni kò fara mọ́ ọn.

"Ẹ ti ba ọjà mi jẹ́! Ẹni tó ń jà ló ń mu kọfí. Ẹ̀yin kàn jókòó, ẹ̀ ń ronú."

Jamaris fa àga sún mọ́ ọn, ó ní kó ṣàlàyé. Obìnrin náà ṣàlàyé fún wákàtí kan gbáko. Nígbà tó parí, Jamaris ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀.