Ọjọ́ Tí A Kí Jantina Lẹ́ẹ̀mejì

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Jantina Zwaving jẹ́, ẹ bi àwọn tó ń ṣọ́ ẹnubodè omi, níbi tí wọ́n ti ń ṣílẹ̀kùn fún ọkọ̀, láti Zwartsluis títí dé Groningen. Ohùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé kí ọkọ̀ rẹ̀ tó yọ. "Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ̀yin ọ̀lẹ! Yanrìn mi ti ń hu irùngbọ̀n!" Inú ọkọ̀ akẹ́rù orí omi ni wọ́n bí i sí, láàárín àpò ànàmọ́, òun náà sì wa ọkọ̀ tirẹ̀ títí orúnkún fi kọ̀ fún un. Kò bẹ̀rù ìjì, kò bẹ̀rù yìnyín, kò bẹ̀rù ọlọ́pàá omi. Obìnrin yìí kan náà ló wá ń bẹ̀rù tábìlì oúnjẹ ọ̀sán. Inú mi ń dùn láti sọ ìtàn yìí débi pé mi ò mọ ibi tí ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀dọ̀ Roelie bẹ̀rẹ̀. Búrẹ́dì ni Roelie ń tà létí omi nígbà èwe rẹ̀. Jantina á ra ẹyọ kan, á tún padà wá ra òmíràn, títí búrẹ́dì fi ń bu nínú ọkọ̀ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Roelie gbé báàgì kan wọ inú ọkọ̀ náà, kò sì sọ̀kalẹ̀ mọ́. Nígbà tí òfin gbà á kí obìnrin fẹ́ obìnrin, wọ́n lọ sí gbọ̀ngàn ìlú kan tó jìnnà, àwọn awakọ̀ omi méjì ṣe ẹlẹ́rìí, wọ́n jẹ ẹja díndín lórí ìdúró, wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn ni wọ́n ta ọkọ̀, tí wọ́n kó lọ sí ilé àwọn àgbà. Ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ́rìn-ín sí wọn. "Ó mà dára o! Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò!" Jantina, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dilẹ̀, ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, àbúrò mi ni." Ó ti gbọ́ nípa ọkùnrin kan ní ilé mìíràn tó gbé fọ́tò ọkọ rẹ̀ sójú táyé, tí gbogbo àwọn tó ń bá a jẹun sì kó àwo wọn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe fún Jantina ní yàrá nísàlẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n fún Roelie ní tirẹ̀ lókè. Àwọn tó ti ń fi gbogbo ayé wọn sùn pọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kan tí kò fẹ̀ ju pátákó lọ!

Ibẹ̀ lèmi wọ ọ̀rọ̀ náà. Koert ni orúkọ mi. Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, àwọn àgbàlagbà ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin àti obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, la ní ẹgbẹ́ tí à ń pè ní Tábìlì Pínǹkì. À ń lọ láti ilé àgbà kan sí èkejì, a ó tẹ́ aṣọ pínǹkì sórí tábìlì, a ó po kọfí, a ó sì dúró de ẹni tó bá wá jókòó. À ń bá ẹni tó dá wà tàkúrọ̀sọ, à ń sin ẹni tí ara rẹ̀ ò yá lọ sọ́dọ̀ dókítà, bó bá sì di dandan, à ń bá ọ̀gá ilé jà. Mo fẹ́ràn ìjà yẹn o, n ò ní purọ́.

Jantina wá sídìí tábìlì wa. "Kéèkì ni mo bá wá," ló wí.

"Ta ló bi ẹ́?" ni mo fèsì.

Ó jẹ kéèkì tán, ó wẹ̀yìn, ó wo iwájú, ó wá tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún mi.

Oṣù tó kọjá lọ̀rọ̀ gbóná. Yàrá ńlá kan ṣófo, èyí tó kọjú sí omi. Àwọn tó fẹ́ra wọn nìkan ni wọ́n ń fún nírú yàrá bẹ́ẹ̀, ọ̀gá ilé sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ sọ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Inú ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọjọ́ìbí Roelie bọ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí à ń ṣe ọjọ́ìbí nílẹ̀ wa fún yín. A ó to àga yí ká, ẹni tó bá wọlé á bọ gbogbo ènìyàn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe ọlọ́jọ́ìbí nìkan là ń kí, à ń kí ìyá rẹ̀, à ń kí ọkọ rẹ̀, à ń kí aládùúgbò rẹ̀. Díẹ̀ ló kù ká kí ajá rẹ̀.

Nígbà tó ku ọ̀la, Roelie pe Jantina àti èmi sí yàrá rẹ̀. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn ojú rẹ̀ le.

"Jantina, gbọ́. Lọ́dún tó kọjá, gbogbo ilé kí ẹ nítorí àbúrò, o sì ń dúpẹ́. Mo gbé e mì. Bí wọ́n bá tún kí ẹ bẹ́ẹ̀ lọ́la, tí o sì tún dúpẹ́, mi ò ní bá ẹ kó lọ yàrá kankan. Mo ti dàgbà jù fún irọ́."

"Ìyáàfin Hoekstra tó ń bá wa jẹun ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mejì lobìnrin yẹn ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi! Á kó àwo ẹ̀ kúrò lórí tábìlì wa."

"Kó kó o. Ṣebí àwo ẹ̀ ni."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Jantina ò rẹ́rìn-ín rárá. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a, ọjọ́ ọ̀hún ló sì kù sí ọ̀la yìí.

Ilẹ̀ mọ́. Kọfí ń ta sánsán, mo ń tún táì mi so ṣáá, àfi bí ẹni pé èmi ni wọ́n fẹ́ gbé níyàwó. Roelie wọ búláòsì aláwọ̀ ewé. Jantina jókòó tì í, ojú rẹ̀ pọ́n bíi tòmátò. Bàbá Derksen, aládùúgbò wọn, ló kọ́kọ́ ti kẹ̀kẹ́ tó fi ń rìn wọlé.

"Ẹ kú oríire ọjọ́ìbí àbúrò yín o!"

Jantina húkọ́. Ẹlòmíràn wọlé, ó kí i bákan náà, Jantina tún húkọ́. Roelie gbé àwo kéèkì rẹ̀ sílẹ̀ láìtọ́ ọ wò. Mo rí i, inú mi sì bàjẹ́. Ó ń ṣe mí bíi kí n pariwo, àmọ́ òfin ẹgbẹ́ wa ni pé ẹni tó ni irú ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló lè sọ ọ́.

Ni Ìyáàfin Hoekstra bá wọlé, ẹ̀yìn rẹ̀ gún gbọọrọ, báàgì lápá. Ó na ọwọ́. "Ìyáàfin Zwaving, ẹ kú oríire ọjọ́ìbí àbúrò yín."

Jantina dìde. Ohùn ẹnubodè omi ló jáde. "Kì í ṣe àbúrò mi! Ìyàwó mi ni!"

Ìyáàfin Hoekstra wo ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì wà nínú ọwọ́ Jantina.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí eyín wa ti pé."

Ìyáàfin Hoekstra yọ ọwọ́, ó yí padà, ó jáde. Jantina wó sórí àga. "Ṣé ẹ rí i? Mo sọ fún yín!" Kó tó sọ tán, a gbọ́ tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn. Ìyáàfin Hoekstra ló dúró síbẹ̀, ojú ṣì le koko.

"Ẹ dìde, gbogbo yín. A kí wọn ṣì. A ó tún wọlé kí wọn."

"Kọfí mi á tutù o," ni Bàbá Derksen wí.

"Ẹ jẹ́ kó tutù! Odidi ọdún méjì la fi ń kí èèyàn nítorí àbúrò tí kò ní, ẹ tún fẹ́ jókòó máa mu kọfí? Ìwàkiwà wo nìyẹn?"

Ẹ bá mi wo nǹkan! Ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn dìde, ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ dìde, gbogbo wọn wọ́ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n sì ń tò wọlé padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyáàfin Hoekstra ló ṣíwájú. "Ẹ kú oríire ọjọ́ìbí ìyàwó yín, Ìyáàfin Zwaving. Kí n sì sọ ọ́ kí n má baà gbàgbé, ariwo yín ti pọ̀ jù nídìí oúnjẹ." Inú mi dùn débi pé mo bọ Bàbá Derksen lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọkùnrin kan wà tí kò wọlé mọ́. Roelie fa àwo rẹ̀ sọ́dọ̀, ó sì jẹ kéèkì rẹ̀ tán.

Ọlọ́jọ́ìbí kì í tò kí ènìyàn, àmọ́ nígbà tí ó jẹun tán, Roelie mú ọ̀pá rẹ̀, ó jáde, ó sì tún wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kẹ́yìn. Ó na ọwọ́ sí Jantina.

"Kú oríire ọjọ́ìbí ìyàwó ẹ."

Jantina di ọwọ́ náà mú, omijé ń ṣàn, kò sì fi í sílẹ̀. Nígbà tó yá ló tó rí mi.

"Koert, kí lo jókòó ń wò? Lọ bá mi pe ọ̀gá ilé wá. Sọ fún un pé ìyàwó mi fẹ́ máa wo omi."