Orí Bátìrì tí Mo Gbàgbé láti Yọ

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí ní òwúrọ̀ Sátidé tí mo fẹ́ sọ yìí. Òórùn bẹntiróò tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló jí mi, nítorí pé ilé mẹ́ta péré ló wà láàárín ilé wa ní òpópónà Bajulaiye àti ilé ìtẹ̀wé tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Kí n tó la ojú tán ni mo ti rántí pé n kò yọ orí bátìrì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bàbá mi ní ọkọ̀ eré kan, irú èyí tí wọ́n ṣe fún eré sísá, pupa, onílẹ̀kùn méjì, tí imú rẹ̀ gùn, tí ó sì ti dàgbà kí ó tó dọ́wọ́ rẹ̀. Òun nìkan ni ohun tí mo mọ̀ pé bàbá mi rà fún ìdùnnú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ní àìsàn: bí ó bá ti gbóná, yóò kàn kú lójú títì. Ibùdókọ̀ Palmgrove, tí kò jìnnà sí ilé wa, ni ó sábà máa ń kú sí. Àwọn ará ilé wa a lọ tì í wálé, Bàbá Mọ́rúfù aránṣọ tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa a sì máa pariwo pé, "Ọkọ̀ eré rèé o! Àwa là ń sáré!" Bàbá mi a rẹ́rìn-ín díẹ̀, a sì nu òógùn ojú rẹ̀.

Iná kékeré kan wà níwájú awakọ̀ tí ó lè sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà. Bí a bá fi wáyà so ihò méjì pọ̀ nínú àpótí kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí a yí kọ́kọ́rọ́ láìjẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́, iná náà yóò máa ṣẹ́jú. Bí ó bá ń ṣẹ́jú lọ geere, ara ọkọ̀ le. Bí ó bá ṣẹ́jú, tí ó sinmi, tí ó tún ṣẹ́jú, nọ́ḿbà àìsàn ni ó ń pè, a ó sì wá nọ́ḿbà náà nínú ìwé ọkọ̀. Ní gbogbo Sátidé, bàbá mi a dúró ti wáyà, èmi a jókòó ka iná. Ní gbogbo Sátidé, iná náà a máa ṣẹ́jú geere bí ẹni tí kò mọ nǹkankan. Ìyá mi a ní, "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́," àfi bí ẹni pé ọkọ̀ gbọ́ Yorùbá.

Wọ́n ti jí ọkọ̀ méjì gbé ládùúgbò wa lọ́dún yẹn. Ìdí nìyí tí bàbá mi fi kọ́ mi láti máa fi sípánà tú orí bátìrì, ìyẹn irin tó so wáyà mọ́ bátìrì, ní ìrọ̀lẹ́, kí n sì dè é padà láàárọ̀. Bàbá mi kì í lù wá, ṣùgbọ́n bí o bá gbàgbé iṣẹ́ rẹ, kò ní bá ọ sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lójú tèmi, pàṣán sàn jù ú lọ.

Ní ọjọ́ Jímọ́ ọ̀sẹ̀ yẹn, ọkọ̀ náà kú nínú òjò, ìyá mi àti àbúrò mi ọmọ ọwọ́ wà nínú rẹ̀. Ìyá mi kò pariwo. Ó kàn ní kí bàbá mi wá ojútùú kí oṣù tó parí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kí àwọn tó ń ra irin àlòkù wá gbé e. Bàbá mi gbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù.

Nítorí ìbẹ̀rù ìdákẹ́jẹ́ bàbá mi ni mo ṣe sáré jáde ní Sátidé yẹn. Mo rí i pé orí bátìrì ṣì wà ní dídè, mo sì rọra pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Bàbá mi dé pẹ̀lú wáyà rẹ̀. Mo jókòó. Iná ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Ó sinmi. Ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹrin.

"Bàbá, ó sọ̀rọ̀ o!"

Ó ní kí n tún un kà. Ọ̀kan, ẹ̀rin. Ìwé náà ní ọ̀nà tí iná ń gbà dé àwọn pílọ́ọ̀gì tó ń tanná nínú ẹ́ńjìnnì ni kí a yẹ̀ wò. Bàbá mi kò fò sókè. Ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó wò mí.

"Kí la ṣe lánàá tí a kì í ṣe?"

"A ò ṣe nǹkankan, sà."

"O yọ orí bátìrì?"

"Mo yọ ọ́, sà."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wá ní a ó dúró de Sátidé mìíràn, nítorí pé níbi iṣẹ́ wọn, wọn kì í tẹ ìwé jáde láìyẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọjọ́ náà, n kò gbàgbé orí bátìrì mọ́. Ọkọ̀ náà tún kú, ó tún kú, ṣùgbọ́n ní Sátidé méjì tó tẹ̀ lé e, iná ṣẹ́jú geere.

"Ẹ̀rí ẹ̀ẹ̀kan kì í ṣe ẹ̀rí," ni bàbá mi wí. "Ó ti rẹ̀ mí."

Nígbà tí oṣù parí, wọ́n gbé e lọ. Bàbá mi nu gíláàsì ọkọ̀ náà kí wọ́n tó gbé e. Kò ra ọkọ̀ mìíràn mọ́ títí di òní.

Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn tí mo ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ni tí mo sì fẹ̀yìn tì, ọkọ̀ tèmi kọṣẹ́ ní Bàrígà. Bí mo ti na ọwọ́ sí orí bátìrì ni rewáyà tí mo pè láti wá tún iná ọkọ̀ náà ṣe pariwo: "Mọ́mì, ẹ dúró ná! Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, gbogbo ohun tó fẹ́ sọ fún wa ló máa gbàgbé!"

Mo jókòó sórí táyà kan. Alaalẹ́ tí mo bá yọ orí bátìrì ni mo ń nu ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu ọkọ̀ bàbá mi, ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo tí mo gbàgbé ni ó fi rí ọ̀rọ̀ sọ. Ká ní mo ti sọ pé, "Mo gbàgbé, sà," bàbá mi ì bá ti rí ìdí rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Bàbá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí. Mo lọ bá a lọ́jọ́ náà gan-an, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ó kọjú sí ojú fèrèsé. Mo rò pé ọkọ̀ rẹ̀ ló ń rò.

"Ṣé ẹ̀rù mi bà ọ́ tó bẹ́ẹ̀?" ló bi mí.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá yẹn purọ́ nítorí ìdákẹ́jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Àgbà tí mo wá dà ńkọ́? Ọmọ mélòó ló ti wo ojú mi nínú kíláàsì láàárín ọgbọ̀n ọdún, tí ó ní "Mo ti ṣe é, mà," nítorí pé ojú mi kò gba nǹkan mìíràn? Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà, tí ẹ ti ń tọ́ ọmọ-ọmọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n: ẹ jẹ́ kí ó rọrùn fún ọmọ láti sọ pé òun gbàgbé.