Sípáníìṣì Bàbá Alápò

Òórùn àpò ìdọ̀họ ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí ṣọ́ọ̀bù Bàbá Alápò ní Race Course, ní Kumasi níbí: kẹrosíìnì díẹ̀, eruku díẹ̀, àti òórùn kòkó gbígbẹ tí kì í kúrò lára àpò tí wọ́n bá ti fi kó kòkó rí, bó ti wù kí wọ́n gbọ̀n ọ́n tó. Ìwọ tí a jọ dàgbà ní Sawaba, o mọ òórùn tí mò ń wí. Ó máa ń wà lára aṣọ wọn pẹ̀lú, títí kan ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n bá jókòó ti bàbá mi ní mọ́sálásí.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Bàbá Alápò, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni wọ́n sì jẹ́ sí bàbá mi títí Ọlọ́run fi pe bàbá mi. Nígbà ọ̀dọ́ wọn, kí wọ́n tó wá bá ẹ̀gbọ́n wọn ní Kumasi, wọ́n ti tẹ̀lé ọ̀rẹ́ kan dé Kàlàbá, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi sì ti gbé wọn lọ sí erékùṣù kan tí àwọn ará Sípéènì dá oko kòkó sí. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe lébìrà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n mú bọ̀ kò pọ̀: àpá àdá kan ní ọrùn ẹsẹ̀, àti Sípáníìṣì. Bí wọ́n bá ń ka àpò fún oníbàárà, únò, dọ́s, trẹ́s ni wọ́n fi ń kà á. Oníbàárà á máa ka tirẹ̀ ní Twi, baako, mmienu, mmiɛnsa, iye tí wọ́n kà á sì bára mu. Àwa ọmọdé rò pé Háúsá ibi jíjìn kan ni.

Nígbà tí mo wọ yunifásítì ní Accra, tí olùkọ́ Sípáníìṣì ní kí a máa kà tẹ̀lé òun láti orí ení dé orí ẹ̀wá, mo ti kà á dé ìdajì kí ó tó la ẹnu. Ó bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ ọ. Mo ní lọ́wọ́ ẹni tó ń ta àpò ni, gbogbo kíláàsì sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọjọ́ yẹn dùn mọ́ mi. N kò mọ̀ pé ìtìjú kékeré kan ti bá a wọlé.

Wọ́n rán wa lọ lo ọdún kan ní Sípéènì. Nígbà tí mo padà dé, mo lọ kí Bàbá ní ṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n ṣe rí mi, wọ́n gbé àpò ọwọ́ wọn kalẹ̀, ojú wọn tàn, wọ́n sì fi Sípáníìṣì kí mi, gbólóhùn gígùn kan tí mo mọ̀ pé wọ́n ti tò sílẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbọ́ pé mò ń bọ̀. Mo gbọ́ àṣìṣe mẹ́ta nínú rẹ̀. Mo tún un sọ fún wọn bó ṣe yẹ kó rí, bí àwọn olùkọ́ mi ṣe máa ń ṣe fún mi.

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, o ti kọ́ ojúlówó."

Láti ọjọ́ náà, Yorùbá nìkan ni wọ́n ń bá mi sọ. Bí mo bá wà nítòsí, Twi ni wọ́n fi ń ka àpò.

Ọdún gorí ọdún. Mo di olùkọ́, mo lọ́kọ, a kó lọ sí Santasi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ ìtàn kéékèèké láti Sípáníìṣì sí Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ìwé ìròyìn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó yá, ilé ìtẹ̀wé kan lókè òkun gbé odindi ìwé kan lé mi lọ́wọ́. Obìnrin kan tí wọ́n bí sí erékùṣù yẹn gan-an ló kọ ọ́. Ìyá rẹ̀ ni alásè ní oko kòkó kan, ó sì fi ojú ọmọdé tó ń wòde láti fèrèsé ilé ìdáná ṣe ìtàn náà. Ó ti di àgbàlagbà, Sípéènì ló ń gbé. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi jókòó ti ìwé náà lórí tábìlì oúnjẹ wa. Bí mo bá sọ fún ọ pé kò wá sí mi lọ́kàn láti bi Bàbá Alápò ní ohunkóhun, irọ́ ni. Ó wá sí mi lọ́kàn, mo sì gbé e tì. Mo rò pé kí ni Sípáníìṣì inú oko fẹ́ fi kún tèmi.

Nígbà tí ilé ìtẹ̀wé fi ojú ìwé ránṣẹ́ padà kí n yẹ̀ ẹ́ wò fún ìgbà ìkẹyìn, wọ́n fún mi ní ọjọ́ mẹ́wàá. Ní Sátidé, mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo sì gbé e lọ sí Race Course. Kì í ṣe ìbéèrè ni mo gbé lọ. Mo fẹ́ kí Bàbá bá mi yọ̀ ni.

Wọ́n nu ọwọ́ wọn sí ara jalabíà, wọ́n gba ìwé náà, wọ́n wò ó, wọ́n dá a padà fún mi. "Kà á fún mi."

"Ní Gẹ̀ẹ́sì, Bàbá?"

"Rárá. Bí obìnrin náà ṣe sọ ọ́."

Mo ṣí èyí tí òǹkọ̀wé fi Sípáníìṣì kọ lórí fóònù mi, mo jókòó lórí òkìtì àpò, mo sì ń kà. Bàbá di ojú. Nígbà tí mo dé ibi tí alásè ti ń din ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n mi orí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí òórùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo ka gbólóhùn kan: "Antes del alba, el capataz contaba a los hombres." Bàbá la ojú.

"Báwo lo ṣe gbé ìyẹn sí Gẹ̀ẹ́sì?"

Mo túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún wọn: "Mo ní kí ilẹ̀ tó mọ́, fóòmánù máa ń sọ ìtàn fún àwọn ọkùnrin náà." Mo fẹ́ràn gbólóhùn yẹn. Lójú mi, òun ni ibi tí àánú ti yọjú díẹ̀ nínú oko náà.

Bàbá yí ojú sí mi. Wọ́n ní, "Ta ló sọ ìtàn fún wa?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo ní ọ̀rọ̀ náà, contar, ìtumọ̀ méjì ló ní: ó lè jẹ́ kí èèyàn sọ ìtàn, ó sì lè jẹ́ kí èèyàn ka nǹkan, àti pé gírámà gba méjèèjì. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Ó ń kà wá ni, ọmọ mi. Á tò wá síta nínú òjò, á máa kà wá bí mo ṣe ń ka àpò yìí. Kò pe orúkọ. Nọ́ńbà la jẹ́; èmi ni méjìlélógójì. Ẹni tí àìsàn bá dá dùbúlẹ̀, tí kò lè jẹ́ nọ́ńbà rẹ̀, kò sí oúnjẹ fún un lọ́jọ́ náà." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká àpò kan, wọ́n rọra ń na igun rẹ̀ kó dọ́gba. "Ó ń kà wá lárààárọ̀, ṣùgbọ́n kò kà wá sí."

Wọn kò bínú. Ì bá sàn fún mi kí wọ́n bínú. Mo dágbére, mo wọ ọkọ̀ trótró Santasi, mo gbé ìwé náà lé itan, mo sì tún ibẹ̀ kà. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ní àwọn ọkùnrin náà a máa dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ló ń dáhùn ìtàn lọ́kọ̀ọ̀kan? Àní ọ̀rọ̀ "ìtàn" gan-an kò sí níbẹ̀; èmi ni mo fi kún un, nítorí mo fẹ́ kó wà níbẹ̀. Ojú tì mí débi pé mo gbàgbé láti sọ̀kalẹ̀ ní ibi tó yẹ, mo sì fi ẹsẹ̀ rìn padà sílé.

Mo kọ̀wé sí òǹkọ̀wé náà, mo jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe, mo sì sọ ẹni tó tọ́ mi sọ́nà fún un. Lọ́jọ́ kejì, ó gba ohùn sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí fóònù mi. Ó ní òótọ́ ni bàbá náà sọ: nọ́ńbà ni òun máa ń gbọ́ láti fèrèsé, ohùn ọkùnrin lẹ́yìn ohùn ọkùnrin. Ó ní òun kò mọ orúkọ ẹnì kankan nínú wọn rí, òun sì ti wá a títí. Ó wá dẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó bá Bàbá fúnra wọn sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀ wọ́n pé bí wọ́n bá rántí orúkọ, kí wọ́n fún òun.

Mo gbé fóònù náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo sì jẹ́ kí Bàbá gbọ́ ọ. Wọ́n ní kí n tún un ṣe. Lẹ́yìn ìgbà kẹta, wọ́n gba fóònù náà, wọ́n gbé e sún mọ́ ẹnu, wọ́n sì fi Sípáníìṣì dá a lóhùn. Àṣìṣe wà nínú ohun tí wọ́n sọ, ó ju mẹ́ta lọ. Mo fi eyín di ètè mi mú. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ní í sọ.

Ọ̀sán méjì ni a fi kọ àwọn orúkọ náà. Bàbá kò fẹ́ fúnni ní èyí tí kò dá wọn lójú. Súlè ará Ìwó, tó ń gé irun fún gbogbo wọn. Òkón, tó máa ń kọrin bí wọ́n bá ń fọ́ kòkó. Ẹ̀tìm, tí ibà pa, tí wọ́n sin ní ẹ̀yìn oko. Wọ́n pé mẹ́sàn-án. Ẹnì kan wà tí orúkọ rẹ̀ kò bọ̀ sí ọkàn Bàbá mọ́, àfi pé ó máa ń súfèé. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí n má fi orúkọ ẹlòmíràn dí àyè rẹ̀.

Mo tún gbólóhùn náà ṣe. Olóòtú ilé ìtẹ̀wé náà kò bá mi jà. Ó ní òun dúpẹ́ pé ìwé náà kò tíì jáde. Òǹkọ̀wé sì ní kí wọ́n fi ojú ìwé kan síwájú ìtàn náà fún àwọn orúkọ yẹn.

Nígbà tí ìwé dé, mo gbé e lọ fún Bàbá. Obìnrin kan dúró, ó fẹ́ ra àpò. Bàbá fi Twi ní kó dúró díẹ̀, "Maame, twɛn kakra," obìnrin náà sì fi sùúrù jókòó. Bàbá fi ìka sí orúkọ kọ̀ọ̀kan, èmi sì ń kà á. Lẹ́yìn ẹni tó máa ń súfèé, orúkọ kan ṣì kù nísàlẹ̀.

"Èyí ńkọ́?"

"Tiyín ni, Bàbá."

"N kò ní kí ẹ kọ tèmi."

"Òǹkọ̀wé náà ló bi mí ní orúkọ yín. Ó ní kò gbọdọ̀ ku ẹyọ kan."

Wọ́n ṣí fìlà wọn, wọ́n tún un dé. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ìwé náà. Mo rí i pé bí n kò bá sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, n kò ní í sọ ọ́ mọ́. Mo kúnlẹ̀. "Bàbá, ọjọ́ tí mo ti Sípéènì dé, tí ẹ kí mi..."

"Mo rántí," wọ́n ní. "O kò tíì mọ̀ nígbà yẹn. Dìde, ilẹ̀ yẹn ní eruku."

Mo ti túmọ̀ ìwé méjì sí i láti ìgbà náà. N kì í fi èyíkéyìí ránṣẹ́ láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ kà á fún ẹni tó ti gbé irú ìgbésí ayé tó wà nínú rẹ̀, tí mo bá lè rí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti iṣẹ́ ló ká mi lára jù. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń fọ́nnu pé èmi ni mo mú èdè yẹn wọ àdúgbò wa. Bàbá ló mú un wá, ní ẹnu wọn, gba orí òkun, wọ́n sì gbé e kiri Kumasi fún ọ̀pọ̀ ọdún láìrí ẹni bá wọn sọ ọ́. Ọlọ́run wá rán ẹnì kan ṣoṣo sí wọn, èmi sì ni ẹni náà, nǹkan àkọ́kọ́ tí mo sì ṣe ni pé mo pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Wọ́n ti darúgbó báyìí, ọmọ wọn ló ń gbé àpò. Bí mo bá dé, Sípáníìṣì la fi ń kí ara wa, a sì máa ń pẹ́ lórí ìkíni náà, nípa òjò, nípa orúnkún wọn, nípa àwọn ọmọ mi. Wọ́n ń sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní oko. Nígbà mìíràn, tí a bá ti wà lórí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, èmi náà a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.