Ọjọ́bọ̀ Tí Wọ́n Pe Orúkọ Àwọn Òkú

Ọdún tó ṣáájú èyí tí gbogbo ayé fi aṣọ bo imú ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ní Moshie Zongo, nílùú Kumasi níbí. Ọyẹ́ ń fẹ́, eruku sì ti sọ gbogbo òrùlé di pupa. Èmi Rábíátù Àjàó ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò wa. Kì í ṣe pé mo gbọ́n ju àwọn yòókù lọ. Aránṣọ tó mọ̀wé kà ni mí, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ rò pé mi ò bẹ̀rù ohunkóhun rí, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ nípa ọjọ́ tí ẹnu mi wọlẹ̀.

Ibí ni wọ́n bí mi sí, ibí ni wọ́n bí bàbá mi sí. Bàbá bàbá mi, Làwánì Àjàó, ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, tó ra ilẹ̀, tó kọ́ ilé tí mo ń gbé títí di òní. Nígbà tó yá, ìjọba lé àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ. Láyé ìgbà yẹn náà ni òfin dé pé ilẹ̀ tó bá wà lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ Gánà kò lè jẹ́ tirẹ̀ títí ayé mọ́, àádọ́ta ọdún péré ló kù fún un. Àádọ́ta ọdún! Lójú àwọn bàbá wa, ó jìnnà bí ọ̀run. Wọ́n ká ìwé ilẹ̀ wọn sábẹ́ ẹní, wọ́n sì kú. Àwa náà gbàgbé, títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí a jí, tí a rí nọ́ńbà tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ sára ògiri ilé wa kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó rí ẹni tó kọ ọ́. Ajá kankan ò gbó.

Dàpọ̀, ọmọ àbúrò ìyá mi tó ti Ìbàdàn wá kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní yunifásítì níbí, ló là á yé wa. Ó ní ní Nàìjíríà, ọwọ́ gómìnà ni òfin fi ilẹ̀ sí. Ní Gánà, abẹ́ àga ọba ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilẹ̀ wà, àlejò kò sì lè gbà ju àádọ́ta ọdún lọ lẹ́ẹ̀kan. Mo ní kí ni ti àwa tí a ti di ọmọ Gánà. Ó ní bí àrólé bá jáde, tó ní òun wà, wọ́n lè ṣe ìwé tuntun fún un. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò bá jáde fún, wọ́n á kà á sí ilẹ̀ tí ẹni tó ni ín pa tì, wọ́n á sì fún ẹlòmíràn.

Ni a bá wọ́de. Láti mọ́sálásí ni a ti rìn dé Anloga Junction. Àwọn káfíńtà ibẹ̀ sọ ayùn sílẹ̀, wọ́n bá wa gbé pátákó tí a kọ ọ́ sí pé a kì í ṣe àlejò. Ọkọ̀ trotro dúró, ọlọ́pàá fi kóńdó halẹ̀ mọ́ mi, mo ní kó nà mí tó bá tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọ́fíìsì ilẹ̀ gbà pé àwọn á wá jókòó ní pápá ilé ẹ̀kọ́ wa, kí àrólé kọ̀ọ̀kan fara hàn. Ijó ni a jó dé ilé.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n mú. Maame Akosua, obìnrin Àṣáńtì tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, mi orí. Ó ní Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ Asaase Yaa, òrìṣà ilẹ̀ wọn, ọjọ́ ìsinmi ilẹ̀. Àwọn àgbà wọn kì í fi ọkọ́ kàn án lọ́jọ́ náà. Mo fi í rẹ́rìn-ín.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ bàtà dídán ni ọ̀gá tó wá. Kò pe orúkọ wa. Orúkọ tó wà nínú ìwé àtijọ́ ló ń pè.

"Làwánì Àjàó."

Oòrùn ọ̀sán gangan ni o, orí mi wú. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé, mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe orúkọ náà bí ẹni pé ó ń retí ìdáhùn. Ó tún un pè. Màmá Ràfátù, ẹni tó dàgbà jù láàárín wa, gbé ìka lé ètè.

"Ẹ má jẹ́ ẹ. Òkú ni wọ́n ń pè. Ẹni tó bá bá òkú jẹ́ ìpè, á bá a lọ."

Kò sí ọmọ Yorùbá tí wọn ò fi èyí tọ́ dàgbà. Dàpọ̀ ń bẹ̀ mí létí pé, "Àǹtí, ẹ dáhùn," àmọ́ ahọ́n mi ti lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Ọ̀gá náà pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ó fa ìlà sí i. Báyìí ló ṣe ń pè wọ́n, ẹ̀ẹ̀mẹta ẹ̀ẹ̀mẹta, tí àwa àrólé jókòó bí ère. Dàpọ̀ dìde láti ṣàlàyé, wọ́n ní àrólé nìkan ló lè sọ̀rọ̀.

Ìgbà náà ló kan Súlè Adétòrò. Gbogbo wa la mọ ìtàn rẹ̀. Ó wà lára àwọn tí wọ́n lé, ó sì kú sójú ọ̀nà kó tó dé ilé. Kò ní aya, kò bímọ. Ilé rẹ̀ tó wà ní ìparí òpópónà ti wà ní títì láti ọjọ́ náà. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kan, wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kẹta.

"Mo wà níbí."

Ẹ̀yìn wa ló ti wá, níbi tánkì omi. Ohùn àgbàlagbà ni, ó rọra jáde bí ti ẹni tí wọ́n jí lójú oorun ọ̀sán. Ọ̀gá náà mi orí pé òun ti gbọ́, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Gbogbo wa yíjú. Kò sí ẹnì kan níbi tánkì. Màmá Ràfátù bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ní ohùn Súlè ni, òun ò lè ṣì í mọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ògiri ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n kọ ọ́ síwájú nọ́ńbà gbogbo ilé wa pé àwọn ò rí ẹni tó ni ín, àfi ilé Súlè. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tiwa kọ́, àìlanu ló kó o bá wa. Katakata dé, ó wó ilé mẹ́ta kí àwa obìnrin tó jókòó síwájú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi jókòó nínú eruku yẹn. Ibẹ̀ ni a bí àwọn ọmọ wa, ibẹ̀ ni a sin àwọn òbí wa, inú sì ń bí mi sí ara mi ju bó ṣe ń bí mi sí ìjọba lọ. Dàpọ̀ kọ ìwé ẹ̀hónú, wọ́n sì gbà láti tún orúkọ pè.

Lọ́jọ́ náà, Màmá Ràfátù ní kí wọ́n gbé òun wá. Orúkọ ọkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ó gbá ọ̀pá mọ́lẹ̀.

"Mo wà níbí. Tó bá jẹ́ pé ó fẹ́ mú ẹnì kan lọ, èmi ló ṣáà mọ̀ jù."

A fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe. Nígbà tí wọ́n pe Làwánì Àjàó, mo dìde, mo ní mo wà níbí. Ó dá mi lójú pé ẹnì kan dúró lẹ́yìn mi. Mi ò wẹ̀yìn. Gbogbo àwọn yòókù náà dáhùn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

Màmá Ràfátù kú lọ́jọ́ kẹjọ. Dókítà ní ọjọ́ ogbó ni. Mi ò bá a jiyàn.

Ẹ máa ń bi mí bóyá a borí. Katakata ò tíì padà wá, orúkọ wa sì ti wọ ìwé. Àwọn tí wọ́n wó ilé wọn ti di ayálégbé ní Santasi, òdìkejì ìlú, mi ò sì lè wo ojú wọn pẹ́, torí bí mo bá ti la ẹnu lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bóyá àwọn yòókù á tẹ̀ lé mi. Ìwé tuntun tí wọ́n ṣèlérí fún wa kò tíì dé. Ẹyọ kan ṣoṣo ló dé. Ìránṣẹ́ ọ́fíìsì ilẹ̀ gbé e fún èmi akọ̀wé pé kí n bá àwọn fún ẹni tó ni ín: Súlè Adétòrò, àádọ́ta ọdún mìíràn.

Mo lọ sí ìparí òpópónà. Mo kí àgò fún onílé, mo ti ìwé náà gba abẹ́ ilẹ̀kùn tí àgádágodo rẹ̀ ti dípẹtà, etí ìwé náà kan sì yọ síta. Mi ò dúró gbọ́ ìdáhùn. Nígbà tí mo lọ wò ó lọ́jọ́ kejì, etí ìwé náà ò yọ síta mọ́, ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì.

Bó ṣe wà nìyẹn títí di òní. Ní gbogbo òpópónà wa, òkú nìkan ni ìjọba fún ní ìwé ilẹ̀, torí òun nìkan ló dáhùn nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pè é. Wọ́n á tún padà wá pe orúkọ, ẹ̀yin ọmọ, mo sì lè má sí láyé mọ́. Rábíátù Àjàó ni wọ́n á pè nígbà náà. Ẹ má bẹ̀rù mi. Ẹ bá mi jẹ́ ẹ.