Àpò Ìwẹ̀ Ọmọ Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Aṣọ oníbàárà ni mo ń lọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Turffontein, ní South Africa níbí, nígbà tí mo rí ara mi nínú tẹlifíṣọ̀n. Ìlà àwọn tó fẹ́ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà níwájú kíríníkì àdúgbò wa ni wọ́n fi hàn, èmi pẹ̀lú gèlè aláwọ̀ ewé mi wà láàárín. Oníròyìn ilẹ̀ òkèèrè ń sọ pé oríṣi àrùn tuntun ti bẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, pé àwọn aláìsàn ti ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Aláìsàn kẹ̀? Kí n tó gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí aṣọ, ó ti fi kún un pé London ò gba èrò láti ọ̀dọ̀ wa mọ́.

Mo mọ àrùn náà. Lọ́dún tó ṣáájú, afẹ́fẹ́ inú àgbá ni mo fi mí fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ yẹn yàtọ̀. Ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo ti wọ oṣù ìbímọ rẹ̀ ní London, ìyá ẹni tó bímọ ló sì ń wẹ ọmọ tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Mo ti di àpò: ọṣẹ dúdú, òrí, kànìnkànìn. Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ìyá ọkọ ọmọ mi pè láti Èkó.

"Àna mi, mo rí yín nínú tẹlifíṣọ̀n! Ṣé ara ti ń yá?"

"Ara mi le. Abẹ́rẹ́ la lọ gbà."

"Hẹn-ẹn. Wọn ò kàn ní máa fi yín han gbogbo ayé lásán. Ẹ jókòó síbẹ̀. Èmi màá lọ wẹ ọmọ ọmọ mi."

"Ọmọ ọmọ wa, àna."

"Ṣé ẹ fẹ́ kó àrùn ràn án ni?"

Mo gbé e mì. Mo sọ ọ́ fún oníbàárà mi kan, nọ́ọ̀sì ọmọ Soweto.

"Eish, Mama! Àwọn dókítà wa ló kọ́kọ́ rí àrùn tuntun náà, tí wọ́n sì pariwo kí ayé lè gbọ́. Ẹni tó ké 'olè!' ni wọ́n wá dè mọ́lẹ̀."

Kò pẹ́ tí London fi ti ilẹ̀kùn mọ́ Nàìjíríà náà. Mi ò ní purọ́, inú mi dùn, ó sì tún dùn mí pé inú mi dùn. Àna mi ò pè mọ́.

Ọmọ mi bí ọkùnrin. Mo ń wò ó lórí fóònù bó ṣe ń wẹ̀ ẹ́.

"Di ọrùn rẹ̀ mú. Rọra."

"Mọ́mì, ẹ̀rù ń bà mí."

"Ọmọ kì í bọ́ lọ́wọ́ ìyá ẹ̀."

Èmi tí mo sọ bẹ́ẹ̀, mo ti na ọwọ́ méjèèjì síwájú fóònù, bí ẹni pé èmi ni mo gbé e dání.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà, oníròyìn yẹn fi gbólóhùn kan ṣoṣo sọ ọ́, ó sì bọ́ sórí bọ́ọ̀lù. Kò sẹ́ni tó fi ìlà wa hàn láti sọ pé àṣìṣe ni. Ọmọ mi pè.

"Mọ́mì, ẹ máa bọ̀ o. Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu gbé kànìnkànìn, mo ti mọ ọmọ wẹ̀."

Mo ṣí àpò náà. Ooru ti yọ́ òrí sára gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Mo nu kànìnkànìn náà gbẹ, mo sì dá a padà sínú àpò.