Òkú Sùlàímọ́nù Tí Wọ́n Ń Tì Síra Wọn ní Sharjah

Sùlàímọ́nù kú. Ó ṣubú lójijì nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ní Sharjah Industrial Area, níbi tó ti ń ṣa ọjà tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Èkó. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tó ti wà nínú òtútù ilé òkú, tí àwọn tó ń pera wọn ní olórí wa ò tíì yọjú síbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà ní Deira, ní Dubai níbí, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?

Ẹ má sọ pé ẹ ò mọ Sùlàímọ́nù. Gbémiga lẹ mọ̀ ọ́n sí. Bàbá ẹ̀, Mùsùlùmí, ló sọ ọ́ ní Sùlàímọ́nù. Ìyá ẹ̀, ọmọ ìjọ, ló ń pè é ní Gbémiga. Ilé Yorùbá mélòó ni kò rí bẹ́ẹ̀? Tó bá di Jímọ́ọ̀, á tẹ̀ lé Alhaji Abdulsalam, olórí àwọn Mùsùlùmí wa, lọ kírun. Tó bá di Sunday, á bá Brọ́dà Rẹ̀mílẹ́kún, olórí àwọn ọmọ ìjọ, to àga sínú yàrá tí wọ́n ti ń gbàdúrà lẹ́yìn òpópónà Al Rigga. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló mọ ilẹ̀kùn ọ̀run tí wọ́n máa kọ́kọ́ ṣí?" Bó ṣe máa ń dá mi lóhùn nìyẹn tí mo bá bi í pé ẹ̀sìn wo ló ń ṣe gan-an, á wá bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín ọmọ yẹn! Yàrá kan náà ni òun àti Murugan, mẹkáníìkì ọmọ Tamil láti Íńdíà, jọ háyà bedspace sí, àyè bẹ́ẹ̀dì kan lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 1997 yìí, Murugan gbé fídíò Tamil kan wá, eré apanilẹ́rìn-ín nípa ọ̀run. Ọkùnrin sísanra kan kú, ó dé ẹnu bodè, aṣọ́bodè méjì wá ń fà á lápá lọ́tùn-ún lósì. "Tèmi ni!" "Irọ́ ni, tèmi ni!" Wọ́n fà á títí ṣòkòtò ẹ̀ fi já. Sùlàímọ́nù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. "Murugan habibi, abeg, rewind am!" Mo jókòó tì í, èmi náà ń rẹ́rìn-ín, mi ò mọ̀ pé ikú ti ń nà gà sí i.

Nígbà tó kú, mo sáré lọ bá Alhaji.

"Gbémiga? Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Àwọn èèyàn ẹ̀ ni kí wọ́n lọ gbé e. Èmi ò lè kírun sí òkú tí mi ò mọ ẹ̀sìn ẹ̀."

Mo dé ọ̀dọ̀ Brọ́dà Rẹ̀mílẹ́kún.

"Ẹ̀gbọ́n, Sùlàímọ́nù ló wà nínú pásípọ́ọ̀tù ẹ̀. Ká gbé òkú Mùsùlùmí ní ìlú Lárúbáwá? Ṣé ẹ fẹ́ kó wa sí wàhálà ni?"

Khalas! Ó tó! Ẹ wo bí olódodo ṣe pọ̀ láàárín wa! Nígbà tó ń bá yín gbé páálí sínú lọ́rí nínú oòrùn, ṣé ẹ bi í pé ẹ̀sìn wo ló ń ṣe?

Èmi àti Murugan la jọ lọ sílé òkú náà. Wọ́n ní àfi kí ọ̀kan nínú olórí àwùjọ wa wá fọwọ́ sí i pé tiwa ni, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, tí oṣù yìí bá parí, wọ́n á sin ín síbi tí kò ní àmì. Murugan, tí kì í kírun, tí kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún. Ó ní, "Nínú fíìmù yẹn, wọ́n ń jà torí pé wọ́n fẹ́ ẹ. Ẹ̀yin ń jà kí ẹ má baà gbà á." Ojú tì mí.

Ganiat, ìyàwó Sùlàímọ́nù, ń pè mí láti Múṣin. Ó rò pé a ti sin ín. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló kírun sí i lára? Ibo ni màá mú àwọn ọmọ wá lọ́jọ́ kan, kí n lè sọ pé bàbá yín rèé?" Kí ni kí n sọ fún un, ẹ̀yin èèyàn mi?

Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fúnni. Ikú ti wo Sharjah, ó ti wo Deira, ó mọ̀ pé a ò ní wá ara wa.

Alhaji Abdulsalam, Brọ́dà Rẹ̀mílẹ́kún, mo dárúkọ yín, mi ò sì bẹ̀bẹ̀. Láàárọ̀ ọ̀la, mo wà lẹ́nu ilé òkú náà. Ẹ wá fọwọ́ sí i. Ẹ kírun sí i, ẹ kọrin sí i, ẹ ṣe méjèèjì pàápàá, kò ní bínú. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò ní wá, ẹ wá gba nọ́ńbà Ganiat lọ́wọ́ mi. Ẹ fi ẹnu ara yín sọ fún un pé ẹ ò mọ ọkọ ẹ̀ rí.